Òṣómàáló lórí Mísà Látìn

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 2021. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Atákúmọ̀sà ní Iléṣà, mò ń tú fóònù kan tó já sómi, nígbà tí ìròyìn wọlé sórí fóònù tèmi. Póòpù Francis ti gbé òfin tuntun jáde, Traditionis custodes ni wọ́n pè é: Fáda tó bá fẹ́ fi ìwé Mísà Látìn àtijọ́ rúbọ, àfi kó gba àṣẹ lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Omi lé ròrò sójú mi. Ẹ̀rù ba obìnrin tó ni fóònù náà, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ó ti kú pátápátá ni?"

Fóònù rẹ̀ kò kú. Èmi ni mò ń ṣọ̀fọ̀ Mísà kan tí n kò fojú kòrókòró rí rí láyé mi. Kì í ṣe pé mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. N kò lọ rí rárá. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, n kò tíì lọ.

Inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí mi sí. (Àwọn èwe ìwòyí kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, Kátólíìkì ni wọ́n ń sọ. Àwọn èèyàn wa tó ti Brazil padà sí Èkó ló ni orúkọ náà. Wọ́n ti ń gbàdúrà níbẹ̀ kí Fáda Borghero tó ti Dahomey wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1863.) Láti kékeré ni mo ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mísà méjì péré ni mo mọ̀: ti Yorùbá tàlù tagogo, àti ti Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń tẹ̀ lé e. Látìn tí mo gbọ́ kò ju "Tantum ergo" tí a ń kọ níwájú Sákráméńtì Mímọ́ lọ, bí ayékòótọ́ ni mo sì ń kọ ọ́.

Nígbà tí kòrónà dé ní 2020 tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, orí fóònù ni gbogbo wa sá lọ. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, dátà kì í wọ́n mi. Mo ń wo Mísà káàkiri ayé títí fídíò kan fi gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta ńlá kan nílẹ̀ Faransé. Àlùfáà kọjú sí pẹpẹ bíi ti gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ó ń dán. Tùràrí ń rú. Kò sí maikirofóònù, kò sí ẹni tó ń pariwo pé ká kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń gbé Ara Olúwa sókè, aago dún lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà, ẹ lè gbọ́ ìró ìkán omi tó bá kán. Mo wò ó tán, mo tún un wò. N kò ní purọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ mi fẹ́ yí padà níwájú: ó wọ̀ mí lára nígbà náà, ó ṣì ń wọ̀ mí lára.

Ẹni tó bá mọ bí Ọjọ́ Àìkú ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa á mọ ìdí tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn fi dà bí omi tútù. Ara Olúwa kò tíì yọ́ tán lẹ́nu èèyàn tí ẹni tó ń darí ètò á ti gba maiki. Owó kejì. Owó kẹta. Àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ẹ jó wá síwájú. Àwọn ọmọ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti nà yín o! Wọ́n á ka iye tí kálukú dá. Ìkéde á gba ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tí ìwàásù kò gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dún ìkórè kan, mo rí ewúrẹ́ tí wọ́n ń ta ní gbàǹjo ní ẹsẹ̀ díẹ̀ sí àgọ́ tí Jésù wà. Lórí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ọkàn mi kò tíì yí padà o.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nìyẹn. Lẹ́yìn Àpérò Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, Póòpù Pius Karùn-ún gbé ìwé Mísà kan jáde ní 1570, ìwé yẹn ni wọ́n sì ń tún tẹ̀ títí di ẹ̀dà ìkẹyìn tí John Kẹtàlélógún fọwọ́ sí ní 1962. Ọdún yẹn náà ni Àpérò Vatican Kejì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963 ni ìwé wọn lórí ìsìn jáde. 1969 ni Paul Kẹfà gbé ìwé Mísà tuntun lé Ìjọ lọ́wọ́, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjà bẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Marcel Lefebvre, tó ti ṣe olórí Ìjọ ní Dakar ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, kọ̀ jálẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1970, nígbà tó sì di 1988 ó fi bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin jẹ láìgba àṣẹ Póòpù, ni Róòmù bá kéde pé ó ti yọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́. John Paul Kejì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ti àtijọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ ya kúrò. Ní 2007, Benedict Kẹrìndínlógún ṣí i gbayawu. Kádínà Arinze, ọmọ Nàìjíríà wa, ló jẹ́ olórí ọ́fíìsì ìsìn ní Róòmù nígbà náà. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn bíi pé èmi àti Kádínà jọ jókòó kọ òfin náà ni. Francis ló wá ti ilẹ̀kùn padà.

Ọdún wọ̀nyí, tí ẹ bá jí mi lóru, mà á kà wọ́n fún yín. Àdúrà òwúrọ̀ mi ni mi ò rántí mọ́.

Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti ń bá ìjọ wa jà. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì padà lẹ́yìn kòrónà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa fi ọwọ́ gba Ara Olúwa, kì í ṣe ẹnu mọ́, nítorí àrùn. Mo ní láéláé. Mo kúnlẹ̀, mo ya ẹnu, Fáda ní kí n tẹ́ ọwọ́, mo dìde, mo padà síjókòó mi. Ìgbà tó yá mi ò jáde lọ gbà á mọ́. Oṣù méje gbáko. Mo fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, mo ní ìlù kò yẹ níbi Ẹbọ Mísà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń jókòó sí, mo ní ìwé kékeré kan lápò tí mò ń kọ àṣìṣe sí: Fáda gbàgbé èyí, ọmọ pẹpẹ lu aago kó tó yẹ, wọ́n kọ orin ẹlẹ́mìí níbi ọrẹ. Ìyá mi rí ìwé náà lọ́jọ́ kan. Wọn kò jà. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o lọ jọ́sìn ni, àbí o lọ máàkì ìwé?"

Lẹ́yìn òfin 2021, mo ní àfi kí n jà á dópin. Ẹ sì mọ àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá, bí onígbèsè bá ń sá fún wọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń lóṣòó sí: òṣó ni màá ló títí wàá fi sanwó mi. Òṣómàáló gan-an ni mo fi ṣe Fáda wa. Mo kọ lẹ́tà pé a fẹ́ Mísà Látìn, kí wọ́n bá wa tọ Bíṣọ́ọ̀bù lọ. Èèyàn méje ló fọwọ́ sí i. Ẹ má bi mí ta ni àwọn méje: ìyàwó mi wà níbẹ̀, àbúrò mi wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sì wà níbẹ̀, Onítẹ̀bọmi ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí Fáda bá wà ní ọ́fíìsì, mo ti dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta.

Fáda yìí kì í ṣe àgbàlagbà, mo tilẹ̀ fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Lọ́jọ́ kan ó pè mí wọlé, ó gbé ìwé pupa ńlá kan sórí tábìlì, ó ṣí i. Látìn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo nìyí?" Inú mi dùn. Mo ní ìwé Mísà àtijọ́ ni! Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti Paul Kẹfà ni. Ó ní Látìn ni wọ́n fi kọ Mísà tuntun náà kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ya mí lẹ́nu, ó sì tì mí lójú. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti fi ń jà, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni mo dì pọ̀ di ẹyọ kan. Èdè ọ̀tọ̀, ìlànà ọ̀tọ̀. Ìlànà ti 1962 ni Póòpù ní kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó lò, àlùfáà tí wọ́n bá sì fi jẹ lẹ́yìn òfin yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ kàn sí Róòmù kó tó dá a lóhùn. Àmọ́ ti Látìn fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fòfin dè é. Òfin Ìjọ, ẹ̀ka 928, sọ pé a lè fi Látìn ṣe Mísà tàbí èdè mìíràn tí Ìjọ fọwọ́ sí. Fáda mú ìwé Àpérò Vatican gan-an wá, èyí tí mò ń bú láìkà á. Ó tọ́ka síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n pa Látìn mọ́, ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn onígbàgbọ́ mọ ìdáhùn tiwọn sọ tàbí kọ ní Látìn, ibi tí wọ́n ti fi orin Gregory síwájú àwọn orin yòókù nínú ìsìn Róòmù. Mo wá ibi tí Àpérò ti ní kí àlùfáà kọjú sí èrò. Kò sí níbẹ̀.

"Ó dáa," ni Fáda wí. "Mo lè ṣe Mísà tiwa yìí ní Látìn fún yín. Ta ni yóò dá mi lóhùn? Ẹ bá mi sọ Suscipiat."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: ìdáhùn gígùn kan lẹ́nu ọmọ pẹpẹ ni, nígbà tí àlùfáà bá ní kí a gbàdúrà kí ẹbọ náà lè gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo sọ "Suscipiat Dominus," mo sọ "sacrificium." Mo dákẹ́. Mo wo àjà.

"Ẹ lọ kọ́ ọ," ó ní. "Kì í ṣe lórí fóònù o. Ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tó mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Fáda ń sọ. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe kátíkísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, láyé ìgbà tiwọn. Ọdún 1937 ni wọ́n bí wọn. Nígbà tí àwọn Fáda ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA láti Ireland wà nílùú, Bàbá ni ọmọ pẹpẹ wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n gbé wọn lọ sí abúlé láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Fún ìgbà tí mo fi jà yìí, n kò fi ẹsẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ wọn bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Mo ti gbọ́ ẹnu ọmọ Amẹ́ríkà ọlọ́gbọ̀n ọdún lórí bí Mísà ṣe rí láyé àtijọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń gbé ní títì kejì sí wa.

Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọn kò gbójú sókè. Bí ẹni ń ki oríkì ni wọ́n ṣe tú u jáde: "Suscipiat Dominus sacrificium de manibus tuis, ad laudem et gloriam nominis sui, ad utilitatem quoque nostram, totiusque Ecclesiae suae sanctae." Ẹ̀gúsí mẹ́ta ni wọ́n ṣẹ́ láàárín rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣì rántí!"

"Ohun tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi," wọ́n ní, "ibo ni n ó gbàgbé rẹ̀ sí?"

Mo jókòó. Mo rò pé a ó jọ sunkún Mísà àtijọ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa lóòótọ́. Wọ́n sọ bí kò ṣe sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àní lẹ́yìn Mísà. Wọ́n sọ ti ààwẹ̀: láti ọ̀gànjọ́ òru, omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tó fẹ́ gba Ara Olúwa, àwọn èèyàn sì ń ti oko rìn wá bẹ́ẹ̀. Pius Kejìlá sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta ní 1957, Paul Kẹfà sọ ọ́ di wákàtí kan ní 1964. "Wákàtí kan," Bàbá ní, "ẹ̀yin sì ń jẹ gúgúrú bọ̀ lójú ọ̀nà." Mo bi wọ́n léèrè nípa ibi tí àlùfáà ń kọjú sí. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń rúbọ fún yín, ṣé ẹ̀yin ló ń rú u sí ni?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé.

Wọ́n wá sọ ti ìyá wọn, ìyá ìyá mi. Mama kò gbọ́ Látìn, kò mọ̀wé. Gbogbo Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń jókòó sápá àwọn obìnrin, wọ́n ń ka Rósárì wọn lọ, aago ló ń sọ fún wọn ibi tí a dé. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, wọn kò sì ráhùn. Lọ́jọ́ tí Fáda kọ́kọ́ yíjú sí èrò tó ní "Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín" ní Yorùbá, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé wọ́n di Bàbá lọ́wọ́ mú. "Ṣé ohun tó ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn? Ó ti ń kí mi o. Ó ti ń kí mi gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi ò sì dá a lóhùn!"

Àwa tí wọ́n bí sáàárín Yorùbá mọ bí èyí ṣe wúwo tó. Ẹni tí wọ́n kí tí kò jẹ́. Inú ìwé gbogbo tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́.

Bàbá sọ ti abúlé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Fáda lè lo oṣù méjì kó tó dé ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń kó èèyàn jọ lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń ka Ìhìn Rere. Ìwé kíkà ti àtijọ́, ọdún kan ló ń gbà kó tó yí po, ọ̀kan náà ni lọ́dọọdún. Ti tuntun ń gba ọdún mẹ́ta fún Ọjọ́ Àìkú. "Ẹni tó ń kà á fún àgbẹ̀ tí kò ní Bíbélì nílé," wọ́n ní, "ìyàtọ̀ yẹn kò kéré lójú rẹ̀."

Inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀. Mo wá ju èyí tí mo rò pé wọn kò ní lè dáhùn: "Bàbá, nígbà kòrónà, ṣé ẹ fọwọ́ gba Jésù?"

"Mo fọwọ́ gbà á."

"Ẹ̀yin? Tẹ́ ẹ mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nílé lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n gun ọ̀kadà, ọlọ́kadà ní, Bàbá, ẹ dì mí mú. Wọ́n ní rárá, wọ́n ń retí àlejò lọ́wọ́ yìí. Wọ́n ká ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú ní gegele kan. Wọ́n tẹ́ ọ̀kan sórí èkejì. Wọ́n gbà á. Wọ́n wo inú àtẹ́lẹwọ́ wọn bóyá ó ṣẹ́kù, wọ́n lá a.

"Ìwọ ńkọ́?" wọ́n bi mí. "Ẹnu nìwọ fi gbà á?"

Mi ò lè dáhùn. Oṣù méje, kò kan ẹnu, kò kan ọwọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra ẹ̀yà fóònù ní Lágere, ní Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ yìí ni Lamidi Fakeye, agbẹ́gilére, gbé, ó sì ti gbẹ́ igi ní yunifásítì níbẹ̀; oṣù Kejìlá 2009 ló kú. Mùsùlùmí ni. Ó sì wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Abẹ́ Bámidélé, ọmọ Àrẹ̀ógùn, ló ti kọ́ṣẹ́, nínú iṣẹ́ tí Fáda Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947: Màríà tó wọ aṣọ Yorùbá, àwọn amòye tó dé adé ọba wa. 1947! Àwọn Fáda tó ń fi Látìn ṣe Mísà láràárọ̀ ló gbé iṣẹ́ yẹn fún wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó wà nínú ìwé àṣìṣe mi, pẹ̀lú yíǹkì pupa, pé ère àti àṣà Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ohun tí Vatican Kejì kó wọlé. Mo ya ojú ewé yẹn jù sínú gọ́tà. Ìwé yòókù kò pẹ́ tẹ̀ lé e.

Mo padà sọ́dọ̀ Fáda, mo sọ Suscipiat, mi ò kọsẹ̀. Ní 2022 ó gbà kí a máa kọ apá tiwa ní Látìn ní Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Mo kó ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án jọ, mo kọ́ wọn ní orin Mísà tí wọ́n ń pè ní De Angelis, àti Credo Kẹta, ìyẹn orin Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Oṣù méjì la fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà mo mú ohùn ga jù. Kyrie já mọ́ wa lẹ́nu láàárín. Obìnrin kan tó wọlé pẹ́ fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀, mo gbọ́ ọ kedere: "Ta ló kú?" Fáda ń wo ìwé rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí a dé Credo, a rìn dé "Genitum, non factum," ohùn àwọn ọmọ náà wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dá wà.

Ibẹ̀ ni ohùn ti jáde láti apá àwọn ìyá. Mélòó ni wọn? Bóyá mẹ́fà. Obìnrin arúgbó tó ń lo gèlè funfun, àwọn tí mo ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé pé wọ́n ń jó jù níbi ọrẹ. "Consubstantialem Patri: per quem omnia facta sunt." Wọ́n gbé e bí ẹni gbé omi, kò dànù. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi wà nínú wọn.

Mo bi ìyá mi nílé pé ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ilé ìwé Sístà, wọ́n ní. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń jà. "O ò bi mí." Wọ́n á máa ki wá pé Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná ròko. Dátà ni èmi fi ń rá iná tèmi, láti Faransé.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ohun tí a ń ṣe. Wọ́n fẹjọ́ sùn ní ìgbìmọ̀ ìjọ pé ọrẹ ń dín kù lọ́jọ́ Látìn, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sún un sí Mísà ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló wà. Láàárọ̀, àwọn ọmọ Ọjọ́ Ajé ṣì ń na àwọn ọmọ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi orí fóònù, àwa tí a jọ ń jà fún Mísà àtijọ́, ńkọ́? A pín gaari ní ìparí 2023. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ni Róòmù gbé Fiducia supplicans jáde, pé àlùfáà lè súre ráńpẹ́, tí kì í ṣe ti ìsìn, fún àwọn tó ń gbé pọ̀ lọ́nà tí Ìjọ kò fọwọ́ sí, títí kan ọkùnrin àti ọkùnrin, láìsọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe tọ́. Ní oṣù Kìíní 2024, Kádínà Ambongo ti Kinshasa kéde lórúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé irú ìre bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé lọ́dọ̀ wa. Inú ẹgbẹ́ wa lórí fóònù dùn dọ́ba: Áfíríkà ni yóò gba Ìjọ là! Èmi náà dùn sí ohun tí Kádínà sọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn èèyàn kan náà ló fi fídíò Mísà wa ṣe yẹ̀yẹ́ ní 2021, àwọn ìyá tó ń jó gbé iṣu wá síbi pẹpẹ, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wo ohun tí Àpérò dá sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo fi ìka tẹ ẹ̀rín. Lọ́tẹ̀ yìí mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń jáde.

Mo ṣì ń tẹ̀ lé ìròyìn o. Ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n tún jẹ́ kí Kádínà Burke fi ìwé Mísà àtijọ́ rúbọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, inú mi sì dùn fún àwọn tó rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe é nítòsí wa pẹ̀lú àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù, mà á ti ṣọ́ọ̀bù, mà á lọ.

Póòpù Francis kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 2025, ọjọ́ kejì Àjíǹde. Mo gbàdúrà fún un, ohun tí n kì bá tí ṣe ní 2021. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ni wọ́n yan Leo Kẹrìnlá. Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gbé fóònù lọ sílé Bàbá Tíṣà. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo gbé e sẹ́bàá etí wọn. Póòpù tuntun yọ sí bákónì, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá fi ohùn orin bẹ̀rẹ̀ "Regina caeli," orin Màríà ti ìgbà Àjíǹde. Bàbá jókòó dáadáa. Wọ́n ti dara pọ̀ kí ó tó dé "laetare." Ohùn wọn tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sọnù. Nígbà tí wọ́n dé "Resurrexit," nẹ́tíwọ̀kì lọ. Àwòrán dúró gbagidi. Bàbá kò mọ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ, ojú wọn ní pípadé, wọ́n kọ ọ́ dé alleluia ìkẹyìn, wọ́n fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Póòpù ńkọ́?"

Mo ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ti gbé wọn lọ, Bàbá."